Ọkọ̀ Yín Tó Sùn Sábẹ́ Ẹrẹ̀ Dúdú

Bàbá mi, ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹrẹ̀ kùn mí nímú láyé,

Ẹ bá mi yọ̀. Ọkọ̀ yín ti jáde. Èmi ọmọ yín, tí ẹ máa ń sọ pé agbára ọwọ́ mi kò ju ti ẹsẹ̀ adìyẹ lọ, èmi nìkan ni mo wọ inú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà lẹ́yìn Ìgbògbò, mo fi èjìká gbé e sókè, gbogbo Ìkòròdú sì tú jáde wá wòran. Láti Agric títí dé Gáréèjì, kò sẹ́ni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá pa ẹ́ńjìnnì wọn kí wọ́n lè gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Ó dáa. Ẹ má tíì bínú. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé bí mo bá pa eku lóko, ẹfọ̀n ló máa ń jẹ́ nígbà tí mo bá fi délé. Kì í ṣe èmi nìkan. Mo bẹ àwọn apẹja mẹ́rin, okùn la sì fi fà á, kì í ṣe èjìká. Èjìká wo gan-an? Èyí tó jẹ́ pé ìyàwó mi ló ń bá mi fa bùbá wọ̀ ọ́? Ìkòròdú ò sì tú jáde. Obìnrin kan tó ń sá ẹdé ló dúró wò wá, àti ewúrẹ́ kan tó ń jẹ ọ̀rá. Agric ò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ẹ wo bí ó ṣe ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ dárí jì mí, tàbí kí ẹ dárí ji ara yín, nítorí ẹ̀yin lẹ mú mi kúrò níléèwé ní ìwé kẹrin.

Ṣé ẹ rántí? Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ wá bẹ̀ yín. Ẹ ò jẹ́ kó jókòó. Ẹ na ìka sí ọkọ̀ tó wà létí omi. “Ìwé a máa gbó, tíṣà. Ọkọ̀ tó bá sùn sábẹ́ ẹrẹ̀ dúdú kì í gbó. Ogún ọmọ yìí nìyẹn.” Tíṣà wo ọkọ̀, ó wò mí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, igbá tí mo fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ ni síléètì mi.

Inú mi dùn nígbà yẹn o, kí n má parọ́ mọ́ yín. Ọmọdé wo ni wọ́n máa sọ fún pé kó má lọ síléèwé mọ́ tí kò ní jó? Ìgbà tí mo di géńdé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka lẹ́tà mi fún mi, tí wọ́n ń fi ẹ̀rín ka èyí tí ọmọbìnrin kọ sí mi, ìgbà yẹn ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kò tíì dáwọ́ dúró, bí mo tilẹ̀ ti fi àgbà kọ́ ìwé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, torí mi ò mọ̀ bóyá ibi tí ẹ wà ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé nǹkan. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó bí yín kì í fi ọkọ̀ igi sílẹ̀ fún oòrùn. Bí oòrùn bá pa igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀, á là. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá dẹ̀, ẹ óò rì í sínú ẹrẹ̀ etí omi, ẹ óò kó ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀, ẹ óò bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tún nílò rẹ̀, ẹ óò hú u bí iṣu, igi á sì le koko. Ọdún tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín rì í, ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ jogún wá hú u. Kò sẹ́ni tó hú u. Èmi ti ní ọkọ̀ pákó tó ń lo ẹ́ńjìnnì nígbà náà, ariwo rẹ̀ dùn mọ́ mi. Nígbà tí ẹ kú, Ẹ̀pẹ́ la gbé yín lọ lọ́jọ́ náà gan-an kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ̀ ṣẹ́kù sí Ìgbògbò pẹ̀lú mi.

Mi ò gbàgbé rẹ̀ ṣá. Lọ́dọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mo máa ń mú ọ̀pá irin kan lọ síbẹ̀, màá gún ẹrẹ̀ títí á fi dún kò lórí igi. Màá kí i. “Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń pè é, torí òun lẹ fẹ́ràn jù nínú àwa ọmọ.

Àti ẹrẹ̀ yẹn! Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń rùn bí ẹyin tí adìyẹ kọ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ń ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ óò gbé ìka síwájú imú, ẹ óò mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ ìyàwó tuntun, ẹ óò wá fi kùn mí nímú. Èmi á máa sá, ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín. “Ó ń rùn. Ó dáa.” Ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ mi ní gbogbo nǹkan: ẹ ṣe é, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá. Kí ló dáa nínú òórùn? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tí ẹ ò sọ, àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀? Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi tí ẹ sùn sí ni mo ń bi yín. Ẹ kì í dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ẹja sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní ìdúnta, omi dé. Mi ò ní pè é ní òjò, òjò tiwa la mọ̀. Odò ló kún lókè lọ́hùn-ún, ó pupa bí ilẹ̀ oko, ó kó igi, ó kó bàtà, ó kó ìdọ̀tí gọ́tà gbogbo ìlú tó gbà kọjá, ó wá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Àwọn tó wà lókè odò rí ẹni tì í sí. Àwa tó wà nísàlẹ̀, ta ni a máa tì í sí? Ó wọ yàrá mi, ó gun bẹ́ẹ̀dì mi láìbọ́ bàtà. Mo gorí tábìlì jókòó bí ọba, mo ń dá àwọn ẹ̀pìyà tó ń kọjá lóhùn. Ẹ̀pìyà kọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Nígbà tó fà, etí omi ti yàtọ̀. Ó dà bí iṣu tí wọ́n bẹ èèpo rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú òkè ti lọ, yanrìn pupa àti pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló rọ́pò rẹ̀. Àti pé kò rùn mọ́. Bàbá, kò rùn mọ́ rárá! Ìyàwó mi, tó ti ń bú òórùn yẹn láti ọjọ́ tí mo gbé e dé, dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi sọ fún gbogbo àdúgbò pé àdúà mi ló gbà. Mo gbé bẹ́ǹṣì lọ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, màá pè é: “Wá jókòó, wá mí sínú, afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́ ni!” Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, nígbà tí mo gún ọ̀pá irin mi, kò dún kò. Ó dún bì. Mo ní etí mi ló ń di. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ọmọbìnrin kan dé láti yunifásítì. Mọrẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ó ń ti páìpù kan tí inú rẹ̀ ń hàn kedere bọ inú ẹrẹ̀, ó ń fà á yọ, ó ń wò ó bí ìyá tó ń wo eyín ọmọ. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè dákẹ́.

“Ọmọ mi, ẹrẹ̀ wa ti di ọjà báyìí? Kí n bá ẹ wọ̀n ọ́n?”

“Bàbá, ẹ káàsán o. Mi ò ra nǹkan kan. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni mo wá kí.”

“Akàn?”

“Wọ́n kéré sí akàn.”

“Ẹyin akàn?”

“Bàbá! Ojú ò lè rí wọn. Èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ìka yín kan ṣoṣo ju gbogbo èrò tó wà ní Gáréèjì Ìkòròdú lọ.”

“Ah. Ṣé àwọn náà ní agbèrò?”

Ó rẹ́rìn-ín títí páìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà wù mí. Ó pè mí súnmọ́ tòsí kí n wo inú páìpù: òkè pupa, àárín rí bí eérú, ìsàlẹ̀ pátápátá ló dúdú.

“Ẹ wo dúdú yìí, Bàbá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Àwọn ló ń mú ẹrẹ̀ rùn. Kí omi tó dé, òkè níhìn-ín ni wọ́n wà. Ìkún omi ló gbá ilé wọn lọ, ó sì kó àwọn mìíràn tó ń bọ̀ láti òkè odò dà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé báyìí, àwọn àlejò yìí sì mọ oúnjẹ í jẹ. Kíá ni!”

“Àwọn onílé tó ń rùn ńkọ́? Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà?”

“Àwọn náà ń jẹ, àmọ́ bí arúgbó tí kò léyín. Ẹ kó igi fún wọn, ẹ óò kú, àwọn ọmọ yín á kú, wọn ò ní tíì jẹ ẹ́ tán.”

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi ò mọ ibi tó máa gbà jáde mọ́.

“Igi? Àwọn àlejò yẹn ń jẹ igi?”

“Ohunkóhun tó bá ti kú, Bàbá. Wọ́n sì ní àwọn kan tó jẹ́ ìbátan olú, àwọn yẹn gan-an ni baba ìjẹgi. Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan.”

“Bàbá, ojú yín yí padà.”

“Ṣé o rí bẹ́ǹṣì yẹn? Ọkọ̀ bàbá mi wà lábẹ́ rẹ̀.”

Ó wo bẹ́ǹṣì. Ó wo páìpù ọwọ́ rẹ̀, ó wo ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ẹ hú u, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

Ṣé ẹ gbọ́, ẹ̀yin olówe? Òórùn yẹn ni ẹ̀ṣọ́. Èmi tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mò ń kí aráyé káàbọ̀ sínú afẹ́fẹ́, orí ogún mi ni mo jókòó sí, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́ mi. Ẹ fi ẹrẹ̀ kùn mí nímú ní gbogbo ìgbà èwe mi. Ó yẹ kí ẹ kàn sọ pé: ọmọ mi, ọjọ́ tí kò bá rùn mọ́, sáré. Kí ló máa ná yín? Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ níléèwé ńkọ́, bóyá èmi náà ì bá ti gbé páìpù rí.

Mo ṣe àṣìṣe kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo pe Sìkírá lórí fóònù. Ẹ ò tíì rí Sìkírá báyìí rí, ọmọbìnrin yín kékeré tí Ìyá bí sínú ọkọ̀ yẹn láàárín ọ̀sà, nígbà tí ẹ̀ ń wà á lọ sí Ẹ̀pẹ́ tí ọmọ ò dúró. Àìsàn kan dé sí i, ó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ. Inú ilé yín ní Ẹ̀pẹ́ ló dùbúlẹ̀ sí. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni àìsàn ò rí mú.

“Bọ̀dá, ṣé lóòótọ́ ni ẹ fẹ́ hú ọkọ̀ mi?”

“Ọkọ̀ tìẹ kẹ̀? Ta ló fún ẹ?”

“Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Orí ẹní ni wọ́n bí ẹ̀yin sí. Ẹ lọ jogún ẹní.”

“Sìkírá, ọjọ́ tí ẹnu ẹ bá rọ, a máa fi odidi màlúù ṣe sàráà.”

“Ẹ má ṣèyọnu. Ẹ gbé e wá kí wọ́n fi síwájú fèrèsé mi. Bọ̀dá, mi ò fi ṣeré. Mo fẹ́ máa wo ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní ó ti dé. Mo ní kó kà á sí èyí tó ti dé.

A lọ hú u. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó pè, kò tilẹ̀ kí mi. “Ó jáde àbí kò jáde?” Mo ní ó jáde. Mo ní ó ń dán bí orí àlùfáà. Ó kígbe ayọ̀ débi pé mo gbé fóònù kúrò létí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ kí i. Bàbá, ẹ wo iwájú fèrèsé yẹn. Ó ti ní kí wọ́n wú ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù sí ìlà méjì kí ìdí ọkọ̀ má kan ilẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé Sìkírá súnmọ́ fèrèsé kó lè wo òfìfo náà.

“Ọkọ̀ dà?”

“Ó ń gbẹ.”

“Ní ibòòji?”

“Ní ibòòji. Ṣé òmùgọ̀ ni mí?”

“Ẹ fẹ́ kí n dáhùn ìyẹn?” Ó fi ọwọ́ tó dára gbá mi lórúnkún. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Bọ̀dá, àmì ọ̀bẹ tí Bàbá fi síbi tí wọ́n ti bí mi, ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà. Mo fọwọ́ kàn án.”

Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló sunkún. Èkejì ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n má fi wàdùwàdù gbé e o, kí n má lọ fọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Mo ti bá yín ṣàwàdà tó. Sìkírá gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ò ní gbà mí gbọ́, nítorí náà ẹ̀yin ni màá sọ ọ́ fún.

Ọkọ̀ yín kò jáde. A gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí a fi rí i, igi dúdú, ó gùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. A ki okùn bọ abẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn apẹja fà. Okùn gba inú rẹ̀ kọjá bí òwú ṣe ń la ẹyin bíbọ̀. Kò dún. Ìdajì rọ́ sílẹ̀, ìdajì kejì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́, omi ro jáde lára rẹ̀ bí kànìnkànìn. Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n ń retí ẹ̀fẹ̀. Okùn ni mo ń ká.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo fi ìka wá àmì ọ̀bẹ yẹn nínú ohun tó kù. Mi ò rí i. Mo gbé ìka náà síwájú imú bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Kò rùn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín títí di ìsinsìnyí, ẹni tí ẹ fún ní igbá pé kó máa gbọ́n omi.